Ìkòkò Àwọn Lébìrà

Omi gbígbóná ni Sódìq ń fẹ́, omi gbígbóná ṣáá. Láti ìgbà tó ti ti oko ebè Tẹ̀dé padà sí Ìlerò, bó bá jí, á bì. Bó bá bì tán, á ní kí ìyá òun gbé omi ka iná. Á jókòó sí balùwẹ̀, á máa da omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó adìẹ sórí ikùn, ara á sì rọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń gbé àpò àgbàdo kọ́ èjìká tẹ́lẹ̀ ti rù kan egungun. Èyí tó wá dun Fàrídà, ìyá rẹ̀, jù ni ti ọpọlọ. Sódìq á mu omi tán, á gbàgbé pé òun ti mu, á tún máa wá ife kiri. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í lórúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú ní kékeré, ó wò ó lójú, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, ó ń bọ̀." Orúkọ náà kò bọ̀.

Àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Fàrídà kò bá wọn jiyàn, ó gbé ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Àtinúkẹ́, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, gbọ́ ti èébì náà, kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà tó fi béèrè pé:

"Ìyá Sódìq, ṣé omi gbígbóná ló máa ń tù ú lára?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àìsàn náà ló sọ fún mi. Igbó ló máa ń dá irú ẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń mu ún."

"Mo fi Kùránì búra, ọmọ mi kì í fa sìgá, ká má tíì wá sọ igbó!"

"Mi ò fà á rí," ni Sódìq wí, orí rẹ̀ nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ lóko?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Alhaji Abọ́dúnrìn tó ni oko náà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ewé gbígbẹ kan sínú ọbẹ̀ àwọn lébìrà. Ewé agbára ló pè é. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, oòrùn kì í dùn wọ́n mọ́, wọ́n á máa kọ ebè bí ẹni ń ṣeré, wọ́n á sì fi ìka nu ìdí ìkòkò.

"Alhaji náà ńkọ́? Ṣé ó ń jẹ ńbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Rárá o. Ìkòkò tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì fa àga mọ́ra. "Ẹ gbọ́, ìyá. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun kan tó fara jọ agbára inú igbó. Ọlọ́run ló dá a mọ́ wa. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, bí ìgbà tí ẹ bá ń fi ìka mú iyọ̀ sọ́bẹ̀. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá, òun ló ń sọ fún àyà tó ń já pé ó tó. Òun ló ń bá ọpọlọ ṣa ohun tó yẹ ká rántí kúrò lára ohun tó yẹ ká gbàgbé. Òun náà ló ń bá ara pín oúnjẹ: ká lo èyí, ká fi èyí pamọ́ ṣe ọ̀rá. Bí ẹnì kan bá wá ń da odidi àpò iyọ̀ sínú ọbẹ̀ yẹn lójoojúmọ́ ńkọ́?"

"Ọbẹ̀ ti bàjẹ́."

"Ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, á máa jẹun bí iná, kò ní mọ̀ pé ó rẹ òun. Nígbà tó bá yá, ọpọlọ á ti ilẹ̀kùn, ikùn á yíwọ́. Èyí tí wọ́n jẹ sì nira ju èyí tí wọ́n fà lọ. Kì í tètè dé, èèyàn á ti bù sí i kó tó dé. Bó bá sì dé, kì í tètè lọ."

"Ṣé ọmọ mi á padà bọ̀ sípò?"

"Bí kò bá ti jẹ ẹ́ mọ́. Ikùn á kọ́kọ́ padà. Ọpọlọ máa pẹ́ díẹ̀, mi ò ní tàn yín."

Ìbínú tó wọ Fàrídà láyà lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí ń pariwo. Ó bà lé e bí ẹyẹ tó ti rí igi tó máa sùn sí. Ó fi Sódìq síkàáwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ẹrù, ó kọjá sí Tẹ̀dé. Ó gbọ́ pé alásè Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ń wá ẹlòmíì. Alhaji kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ṣé o mọ ọbẹ̀ sè?"

"Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni kó sọ, Alhaji."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. "Ìkòkò kékeré, tèmi. Ìkòkò ńlá, ti àwọn lébìrà. Wọn ò gbọdọ̀ pàdé ara wọn. Ewé agbára tí mo ń fún wọn, èmi ni mo ń dà á sí i. Ẹ̀sìn ní ká máa tọ́jú òṣìṣẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaji mú agolo mílíìkì jáde lábẹ́ ibùsùn abà, ó gbọn ewé inú rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó dá agolo padà, ó lọ wo ebè. Fàrídà mú agolo náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn igbó tí wọ́n ń fà lẹ́yìn gáréèjì gan-an ni. Ó dì í mọ́ ìdí aṣọ.

Oògùn eku wà lórí àjà. Ó rí i. Ó tiẹ̀ na ọwọ́ sí i. Àmọ́ ikú yá jù. Kò fẹ́ kí Alhaji kú. Ó fẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́sàn-án, àdàlú tó fi ẹ̀wà tó gbé wá láti ilé sè ló bù fún àwọn lébìrà.

"Ìyá olóúnjẹ, ọbẹ̀ dà?" ni Samsudeen, olórí wọn, wí. "Ṣé àdàlú la fẹ́ fi kọ ebè?"

"Ẹ jẹ ẹ́, ọkọ mi. Ọbẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà."

"Kó má lọ jẹ́ pé ọ̀kadà tó gbé e ti bàjẹ́ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Inú ìkòkò ńlá ló ti bu ọbẹ̀ Alhaji. Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ohun tí Alhaji ń fún ọmọ ọlọ́mọ ló gbé síwájú Alhaji, pẹ̀lú iyán.

"Fàrídà! Ọwọ́ ẹ dùn o. Bù sí i!"

Fàrídà bù sí i.

Nígbà tí ìrun Alásárì tó, Alhaji bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àwọn lébìrà tò sẹ́yìn. Ó forí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ẹ̀yìn ń yọjú wò ó. Níbi tó yẹ kó ti jókòó kó sálámà, ńṣe ló tún dìde. "Sùbùhánálláhì!" ni Samsudeen wí láti fi pè é padà. Alhaji yíjú sẹ́yìn pátápátá.

"Ta ló ń pè mí?"

Ìrun ti bàjẹ́. Alhaji ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ebi dé, ó lọ ń fọwọ́ ha ìdí ìkòkò àdàlú. Lẹ́yìn ebi ni ẹ̀rù. Ó di àyà mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àyà mi ń sáré! Mo fẹ́ kú! Kí lo fún mi jẹ?"

"Ọbẹ̀ yín ni, Alhaji."

"Irọ́ ni! Inú ìkòkò àwọn lébìrà lo ti bù ú fún mi! O fẹ́ pa mí!"

Samsudeen rọra gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Alhaji," ló wí, "kí ló wà nínú ìkòkò àwa lébìrà?"

Fàrídà tú ìdí aṣọ, ó gbé agolo náà kalẹ̀ síwájú wọn. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èmi ni ìyá Sódìq, ará Ìlerò."

Samsudeen gbóòórùn rẹ̀, ó fún ẹnì kejì. Ẹnì kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Alhaji ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lómi. Fàrídà bù ú fún un, ó sì dúró lórí rẹ̀ bó ṣe ń mu ún.

"Ẹ ò ní kú," ló wí. "Ó máa lọ lára yín lọ́la. Ti ọmọ mi ò tíì lọ."

Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn lébìrà kó ọkọ́ wọn. Samsudeen ní kò sẹ́ni tó máa kọ ebè fún Alhaji mọ́, ìbáà ṣe ará Tẹ̀dé, ìbáà ṣe ará Ìgbòho, títí ìyá Sódìq yóò fi ní ó tó. Òjò ti rọ̀, èbù iṣu ń rọ lábẹ́ igi. Alhaji rán àwọn àgbà sí Ìlerò láti bẹ Fàrídà. Ó gbọ́ wọn tán.

"Agolo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo lè gbé e fún ìjọba, mo sì lè má gbé e. Ẹ ní kó wá máa se omi ọmọ mi."

Ó wá. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni, gbogbo ayé ń wò ó. Alhaji Abọ́dúnrìn ru igi ìdáná wọ Ìlerò, fìlà rẹ̀ wà lábẹ́ òṣùká. Ó dáná lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́ ẹ títí omi ojú fi ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Sódìq jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti rí i rí.

Alhaji gbé korobá síwájú Fàrídà. "Ìyá Sódìq, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tó báyìí?"

Fàrídà ki ìka bọ omi náà, kò sì tètè yọ ọ́.

"Kò tíì gbóná tó, Alhaji," ló wí. "Ẹ koná sí i."