Ìtẹ̀bọmi Tí Kò Kà

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Dúrótìmí fi bá Olúgbémi, àbúrò rẹ̀, yan odì nítorí omi. Dúrótìmí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ìkirè, ní omi díẹ̀ tí wọ́n bá wọ́n sí ọmọ lórí ti tó fún ìtẹ̀bọmi. Olúgbémi, tó ti di díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Apòmù, ní bí wọn ò bá ri èèyàn bọmi tán pátá, wọ́n kàn bọ́jú fún un ni. Níbi ìkómọ àbíkẹ́yìn Dúrótìmí ló ti sọ ọ́, lójú àwọn àna!

Àfi bí Olúyínká, ọmọ Dúrótìmí, ṣe lọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́dún 1988.

"Bàbá mi, ọ̀la ni ìtẹ̀bọmi mi. Bí ẹ ò bá wá, mi ò ní wọ omi."

"Á jẹ́ pé ní gbígbẹ lo máa padà wálé."

Síbẹ̀, nígbà tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dúrótìmí ti gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò Ọ̀ṣun lọ́nà Aṣéjìre. Ó lúgọ sẹ́yìn igi kan tó tẹ̀ sórí omi. Ó kàn fẹ́ yọjú wo ọmọ rẹ̀ ni.

Pásítọ̀ pe Olúyínká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mira, ẹ̀yìn ló ń wò ṣáá. Dúrótìmí na ọrùn láti mọ̀ bóyá ó ń sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí gbòǹgbò. Jàbú! Fìlà rẹ̀ nìkan ló léfòó.

Olúgbémi bẹ́ sómi, ó fà á yọ.

"Halelúyà!" Orin sọ lẹ́nu àwọn ará ìjọ. "Bàbá Yínká ti tẹ̀ bọmi!"

"Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀!" Omi ń jáde nímú Dúrótìmí. "Mi ò ṣe ìtẹ̀bọmi kankan!"

"Ẹ̀mí Mímọ́ ló tì wọ́n!" ni ìyá àgbà kan ké.

"Rárá o!" Olúgbémi nawọ́ sókè. "Kò kà. A ò bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn ò sì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ."

Dúrótìmí yíjú sí i. "Èmi ni mo jàre?"

"Ti òní nìkan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ti òní tó. Tún un sọ, kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́."

Olúgbémi tún un sọ. Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu Dúrótìmí, ó rọ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ kó má baà tún ṣubú. Olúyínká ti wọ́ aṣọ funfun rẹ̀ wọ inú odò.

"Bàbá mi, ẹ mà wá!"

"Mo wá. Pásítọ̀, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ bọmi, òtútù ń mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè dáadáa o!" Ó tún wo etí odò. "Ẹ sì bá mi kí màmá tó ní Ẹ̀mí ló tì mí yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án odì tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."