Ọkọ Tuntun fún Àwọn Ìyá Mamobi

Irọ́ kékeré ni Afeefah pa, Ọlọ́run sì mọ̀ pé àìríṣẹ́ ló tì í débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó fẹ́ máa fi reluwé kó èrò láti Accra lọ sí Kumasi ló bi í pé ṣé ó gbọ́ Yorùbá, ló bá ní, "Bí ẹni mumi ni!" Gbígbọ́ ló gbọ́ o! Tí ìyá rẹ̀ bá ń bú u, kò sí èyí tó ń fò ó. Àmọ́ kó fèsì báyìí, ó di èdè Tíwì. Mamobi, ládùúgbò àwọn Yorùbá ní Accra, kúkú ni wọ́n bí i sí.

Ilé-iṣẹ́ kan ti wà lójú irin náà tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló ń ná an. Kí wọ́n tó lè gba ẹlẹ́ẹ̀kejì láyè, àfi káwọn aráàlú tẹ̀ka pé àwọn fẹ́ ẹ. Ọ̀gá Afeefah, ọmọ Aṣáńtì tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ kú iṣẹ́", sọ ọ́ sí i lójú korokoro: "Bí ọgọ́rùn-ún ìyá ọlọ́jà Yorùbá bá tẹ̀ka lónìí, iṣẹ́ di tìẹ. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Lẹ́yìn ìrun àílà, àwọn ìyá kún ọgbà ilé-kéwú Alfa Jàfárù fọ́fọ́. Afeefah di máìkì mú.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ọkọ kan ṣoṣo lẹ ní. Ó ti gbó, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. A fẹ́ mú ọkọ tuntun wá fún yín, káwọn méjèèjì jọ máa figa gbága!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbédè, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ọmọ yìí ò rẹ ohùn sílẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀, ọkọ̀ bá di ọkọ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Astagfirulai!" Alfa Jàfárù fò dìde. "Abilékọ lẹ tún fẹ́ fún lọ́kọ? Nínú ilé-kéwú tèmi?"

"Alfa, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ délẹ̀," ni Ìyá Kùdírátù wí, olórí àwọn tó ń ta abọ́ àti ike. "Ọmọ mi, tuntun yìí, báwo ló ṣe rí?"

Inú Afeefah dùn, ó rò pé ọjà ti ń tà. "Ọkọ ojú irin ni, Mà! Ó gùn, ó lè gbé ẹgbẹ̀ta obìnrin lẹ́ẹ̀kan náà!"

"Ẹgbẹ̀ta kẹ̀! Mẹ́rin ni Alfa sọ fún wa!" ni ìyá kan kígbe.

"Tó bá dákú sọ́nà ńkọ́?" ni òmíràn béèrè.

"Láàárín wákàtí kan, a ti gbé òmíràn wá rọ́pò rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú gbàù. Àwọn kan ń fi ìborùn nu omijé. Ọ̀gá Afeefah, tó jókòó sẹ́yìn, ń pàtẹ́wọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ reluwé ló dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Afeefah!" Alfa pariwo. "Ọkọ tó ń fẹ́ni níyàwó lò ń wí, àbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀?"

Afeefah gbọ́ ìyàtọ̀ náà kedere, gbogbo ohun tó ti sọ wá ń padà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kílẹ̀ lanu. Iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ìyá Kùdírátù bọ́ síwájú. "Ta ní ń sunkún? Ẹ̀rín tó o pa mí lónìí, ọkọ mi ò pa mí nírú ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ mi." Ó ti àtàǹpàkò bọ yíńkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́wèé, ó kọjú sáwọn tó kù. "Kí lẹ̀ ń wò?"

Wọ́n bá tò. Kí wọ́n tó pèrun àlásàrì, ó ti di ọgọ́fà ìka. Afeefah kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ ṣé, Mà! Ẹ máa gbádùn ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ Kumasi."

"Kumasi?" Ìyá Kùdírátù wò ó. "Ta ló ń lọ Kumasi? Èkó lọjà gbogbo wa ti ń wá. Dìde jàre, lọ bá ọ̀gá ẹ. Ìwọ la tẹ̀ka fún."