Ẹja Tí Alhaji Kò Fún Ẹnikẹ́ni

Alhaji Hámzàt fẹ́ràn gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó ń bẹ lórí ilẹ̀ rẹ̀, àyàfi ènìyàn. Ẹni tó bá rò pé mo ń bú u, kó lọ ka pátákó tó gbé síwájú adágún rẹ̀ lẹ́yìn àdúgbò Tunga ní Minna, níbi tí ilé ti ń tán tí àpáta ti ń bẹ̀rẹ̀. Èdè mẹ́ta ló fi kọ ọ́, kí aláìgbọ́ má baà rí àwáwí: ẹ má pa ẹyẹ, ẹ má sọ òkò lu awọ́nríwọ́n, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọṣọ, ẹ má pẹja, ẹ má dúró.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló sé odò kékeré tó gba inú ilẹ̀ náà kọjá. Adékọ́lá, agbẹ́kànga kan tó ti lo ogún ọdún ní Minna, ló bá a ṣe é. Wọ́n kó amọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n tún kó, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, títí ògiri náà fi ga ju ẹni méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó Alhaji, ló ń se oúnjẹ àwọn lébìrà lábẹ́ igi òrí fún oṣù méjì gbáko, ohun tí Adékọ́lá ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́ sì ti wọ̀ ọ́ létí bí àdúrà: ògiri amọ̀ lè gbé omi dúró títí, àmọ́ lọ́jọ́ tí omi bá gba orí rẹ̀ kọjá, kò ní ju wákàtí kan lọ tí yóò fi wó. Ìdí nìyẹn tí Adékọ́lá fi gé ọ̀nà gbọọrọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, tó gbin koríko sí i, tó pè é ní ọ̀nà àkúnya. Omi tó bá pọ̀jù, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Alhaji, ẹ má dí ibí yìí o," ni Adékọ́lá wí. "Bó bá jẹ́ ẹnu mi lẹ fẹ́ dí, ẹ dí i. Ẹ má dí ibí."

Alhaji padà dí méjèèjì.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Omi gba ọ̀nà àkúnya, àwọn epìyà àti ẹja àrọ̀ bíi mélòó kan sì bá a lọ sí àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, níbi tí Àáfà Junaid, ọmọ Ìlọrin bíi ti Alhaji fúnra rẹ̀, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Àwọn ará ibẹ̀ ṣa ẹja nínú gọ́tà. Nígbà tí Alhaji gbọ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Lékelèke ń jẹ ẹja rẹ̀ láràárọ̀, awọ́nríwọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ó ní àlejò Ọlọ́run ni wọ́n. Ènìyàn tó gbé abọ́ sẹ́nu gọ́tà ara rẹ̀, ó ní barawo ni, olè paraku.

Ló bá pe ajórin kan láti Tudun Wada. Ìyẹn ta wáyà olójú wẹ́wẹ́ mọ́ férémù onírin, ó gbé e dábùú ọ̀nà àkúnya, ó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi lè kọjá, ẹja kò lè kọjá. Adékọ́lá wá wò ó, ó mi orí, Alhaji bi í bóyá ó ní ẹbí nísàlẹ̀, Adékọ́lá bá bá tirẹ̀ lọ. Mọ̀ríámọ̀ náà sọ tiẹ̀. Ó ní ewé ńkọ́, ọ̀rá ńkọ́, ṣé àwọn náà ní ìwé àṣẹ láti kọjá ni? Ibẹ̀ ni Alhaji ti gun orí ògiri rẹ̀, tó búra lójú ajórin àti aládùúgbò méjì.

"Wàlláhì, ẹni tó bá tú wáyà yìí, n kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Ajórin rẹ́rìn-ín, nítorí òun kì í dáná fún ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n búra náà fún.

Nínú oṣù kẹjọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìsinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tuesday, Alhaji wà ní ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní Tunga, níbi tí wọ́n ti ń bú ìjọba. Mọ̀ríámọ̀ bo ọ̀rá mọ́rí, ó lọ ká ilá rẹ̀ lẹ́bàá adágún. Kò ká ju méje lọ tó fi gbójú sókè. Ewé, koríko àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti lẹ̀ mọ́ wáyà náà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sára ògiri. Omi kò kọjá mọ́. Ó wo orí ògiri amọ̀: ibi tó ṣẹ́ kù tí omi kò tíì dé kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó wo ìsàlẹ̀: páànù àwọn ilé, èéfín iná ọ̀sán, ohùn àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n ń ka súrà láti abẹ́ ariwo òjò.

Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá Labibah, omi ti fẹ́ gun orí ògiri. Wáyà yín ti dí."

"Má fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀."

"Ẹ ti wà lọ́nà?"

"Kẹ̀kẹ́ kankan kò rìn nínú òjò yìí. Fi igi máa yọ ewé kúrò díẹ̀díẹ̀."

Ó mú igi. Bó ṣe ń yọ ewé kan ni mẹ́wàá ń dé. Àtẹ́lẹwọ́ kan ti di ìka mẹ́ta. Ó tún pè é.

"Ẹ jẹ́ kí n tú u. Ènìyàn ń bẹ nísàlẹ̀."

"Ẹja ń bẹ lókè," ni Alhaji dá a lóhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.

Mọ̀ríámọ̀ ju igi náà nù. Ó ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n dáná fún ọkùnrin yìí, ó sì mọ̀ pé bó bá búra, orí kunkun rẹ̀ kì í jẹ́ kó padà. Ó wo ìka mẹ́ta náà, ó ti di méjì. Ó lọ mú díga tí àwọn lébìrà fi sílẹ̀, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ férémù, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ kan tú, èkejì tẹ̀ lé e, omi sì ṣe ìyókù. Wáyà, ewé, ọ̀rá, epìyà, àrọ̀, gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà àkúnya lọ pẹ̀lú ariwo. Ó dúró síbẹ̀ títí omi fi sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ló ru ilá rẹ̀ lọ sílé, ó ro tùwó, ó se ọbẹ̀, ó bo ti ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí Alhaji dé ní ìrọ̀lẹ́, ògiri wà lóòró, kò sí ibi tó ya lára rẹ̀. Wàhálà Mọ̀ríámọ̀ gan-an nìyẹn. Ká ní ògiri wó, gbogbo Minna ni ìbá jẹ́rìí rẹ̀. Èyí tí kò wó ń dúró níbẹ̀ lásán, kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Alhaji fọwọ́ gbá a, ó ní ẹ wo bó ṣe le tó, kí ló fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀? Obìnrin kan kàn jí dìde ni, ó pín ẹja òun fún àdúgbò. Ó wá rántí ìbúra rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ búrẹ́dì àti tíì lọ́dọ̀ mai shayi ní Tunga. Mọ̀ríámọ̀ ń se oúnjẹ ẹni méjì lójoojúmọ́, ó ń bo ọ̀kan. Òórùn ọbẹ̀ kúkà ló ń bá Alhaji sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Àáfà Junaid kó àwọn ará ìsàlẹ̀ wá. Obìnrin opó kan, Sabirah tó ń dín máásà, gbé abọ́ tó bò dání. Àáfà ṣàdúà gígùn. Ó ní àwọn kò mọ Alhaji tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì àwọn. Ó ní láàárín òjò tí kò sẹ́ni tó lè jáde lọ wá oúnjẹ, ẹja dé ẹnu ọ̀nà àwọn. Ó ní òun ti sọ ọ́ nínú kùtùbá, wáàsí Jímọ̀, lónìí pé ọkùnrin kan wà tó ń ṣe sàráà láìpe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣí i, àbí?"

Alhaji wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Èmi ni," ni Alhaji wí. "Tunga ni mo wà. Mo pè é lórí fóònù."

Gbogbo wọn ní Allah ya saka da alheri, kí Ọlọ́run fi oore san án. Sabirah ṣí abọ́ rẹ̀, ẹja àrọ̀ yíyan ló wà níbẹ̀, ó ní nínú èyí tí Alhaji fún àwọn ni, kí ó tọ́ ọ wò. Alhaji dúpẹ́ ẹja ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó fa Àáfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi í pé bí ènìyàn bá búra pé òun kò ní jẹ oúnjẹ ẹnì kan mọ́, báwo ló ṣe lè bọ́ nínú rẹ̀. Àáfà ní kó bọ́ tálákà mẹ́wàá, bí kò bá sì ní agbára rẹ̀, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Alhaji béèrè bóyá ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti ń jẹ búrẹ́dì lè wọ̀ ọ́. Àáfà ní rárá. Ó béèrè bóyá àwọn tó ti jẹ ẹja tẹ́lẹ̀ kò tó tálákà mẹ́wàá. Àáfà ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó búra lé lórí gan-an. Alhaji sọ ọ́.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó tú u?" ni Àáfà wí. "Iṣẹ́ yín ló jẹ́. Ìbúra yín kò kàn án. Ẹ lọ jẹun. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán an…"

"Èmi ni," ni Alhaji wí kíákíá. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí rọrùn fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó tó wọlé, òun náà ti gbà á gbọ́.

Ó jókòó. Mọ̀ríámọ̀ gbé tùwó síwájú rẹ̀, ó ya ẹja Sabirah sínú ọbẹ̀. Alhaji jẹ òkèlè mẹ́rin kó tó mí. Mọ̀ríámọ̀ jẹ́ kó mí tán.

"Àáfà ní àwọn á tún máa retí ẹja wa lọ́dún tó ń bọ̀," ló wí. "Ṣé kí n pe ajórin kó wá gbé wáyà yẹn padà?"

"Wáyà wo?" ni Alhaji wí, ó sì na àwo rẹ̀ sí i pé kó fi ẹja kún un.