Iye Owó Ọ̀la

"Ẹ tún un ṣe, Ìyá Kíláàsì. Bóyá kọ̀ǹpútà ló ń ya wèrè."

Òpó ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ gíga tó ti ń jókòó tì í láti ọdún àkọ́kọ́. Obìnrin náà sún mọ́ tábìlì. Ó tún tẹ bọ́tìnnì, ó káwọ́ mọ́ àyà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èsì jáde: méjìléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà," ó ní. "Èmi ni."

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ránṣọ kó tó wọ yunifásítì lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Kíláàsì. Ìṣirò ìdókòwò ló ń kọ́: bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò wọn ewu tó wà nínú ọjà kí ẹnikẹ́ni tó kówó lé e. Nígbà tó dé, kò rántí nǹkan kan mọ́ nínú ìṣirò tó kọ́ ní girama. Òdo ló gbà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Ó lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bọ́jú, ó padà wá jókòó. Ní báyìí, iṣẹ́ àṣekágbá nìkan ló kù. Lọ́la, aago mẹ́wàá, ni yóò dúró sọ ọ́ níwájú àwọn olùkọ́.

Iṣẹ́ náà sì ti di ìròyìn. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń wo iye tí wọ́n ń ta bàbà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, tó sì ń sọ bóyá yóò gbówó lórí lọ́jọ́ kejì tàbí yóò wálẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó ń gba mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan gbọ́, ó ní òun á wá fojú ara òun rí i, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ìbéèrè kékeré kan ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ètò náà máa ń ro iye ọjọ́ márùn-ún pọ̀, á pín in sí márùn-ún, á sì fi ìyẹn mọ ibi tí ọjà dojú kọ. Ní ọ̀sán yìí ni Òpó kàn bi í pé, "Ọjọ́ márùn-ún wo?"

"Ọjọ́ tá a wà, méjì tó ṣáájú, àti méjì tó..."

Ó nàka sí ìlà ibi tó kọ ọ́ sí. Méjì tó tẹ̀ lé e. Ètò náà ti ń yọjú wo ọ̀la kó tó sọ bí ọ̀la ṣe máa rí. Nígbà tó dí ojú ihò yẹn, mọ́kànlélọ́gọ́rin di méjìléláàádọ́ta. Ẹni tó ń ju ẹyọ owó sókè lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó bẹ́ẹ̀.

Òpó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin àti èmi nìkan la mọ̀ o, mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ò rí i. Ẹ ṣe tọ̀la ná, ẹ gbàwé ẹ̀rí yín, ká tó máa sọ ìyókù."

"Ọkùnrin yẹn á fi owó àwọn èèyàn sí i, àbúrò."

"Kò tíì gbà yín síṣẹ́."

"Tó bá wá gbà mí ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ètò yìí bá wọ ọjà gidi, ta ló máa bá a yọjú wo ọ̀la?"



Obìnrin náà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọ̀dà kunlé jẹun, lórí fóònù. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Tó o bá sọ fún wọn, kí ni wọ́n lè ṣe?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Wọ́n lè ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ọdún kan sí i."

"Ọdún kan sí i."

Ó gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀ ẹ́. Tó o bá gbé e mì, èmi lo máa wá fajú ro mọ́ nílé láti òní títí di ọdún kérésì. Lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ kó yé wọn, má lọ máa ké bí ẹni tó jalè."

Kò tíì di aago mẹ́ta tó fi kan ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìlà tó nàka sí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo iṣẹ́ yìí," ó ní. "Ojú tì mí." Ó ṣí kàlẹ́ńdà rẹ̀. "Mo lè sún un síwájú fún ẹ. Tàbí kó o wá lọ́la pẹ̀lú ohun tó o ní."

"Kí ni mo wá ní, mà?"

"Ìwọ ni kó o sọ ìyẹn fún mi."

Ó ronú. "Mo mọ ìdí tí mọ́kànlélọ́gọ́rin fi jẹ́ irọ́. Mo sì lè fi hàn."

"Ó dáa. Aago mẹ́wàá."

Ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó jẹ́ kí ètò náà yọjú wo ọjọ́ kan péré: àádọ́rin. Ọjọ́ méjì: mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ṣe é lórí fàdákà, ó ṣe é lórí epo rọ̀bì, irọ́ náà ń ga sókè bákan náà. Òpó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, òun ń ya àwòrán, títí ọlọ́dẹ fi wá lé wọn jáde láago mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kejì, kò fi àkókò ṣòfò lórí ìkíni. "Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́ kì í ṣe òótọ́," ó ní. "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó gbà wọlé hàn yín."

 Àwọn olùkọ́ bi í léèrè fún ogójì ìṣẹ́jú. Olùkọ́ àgbàlagbà kan gba àwòrán rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi yẹ iṣẹ́ kan tí òun fúnra òun ṣe lọ́dún tó kọjá wò. Wọ́n gbà pé ó yege. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn ti pa ìwé rẹ̀ dé, tó dìde, tó jáde.

Ó bá a níbi tó ti ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èèyàn mélòó ló ń yẹ ètò wò lọ́dọ̀ yín kí owó tó wọ̀ ọ́?"

Ọkùnrin náà wò ó tìyanutìyanu. "Ẹnì kan."

"Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe ìdánwò láti di ẹnì kejì."

"A ò wá irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ fún mi ní ètò kan tí ẹ fọkàn tán, kí n wò ó níṣojú yín. Tí mi ò bá rí nǹkan kan, mo ti lọ nìyẹn."

Ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Mi ò ṣèlérí o."

"Ìlérí kọ́ ni mo bèèrè, sà."

Ó yára padà sínú yàrá náà. Ó ti kan Òpó láti sọ iṣẹ́ tirẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, ó sì fẹ́ wà níbi tí ọmọ náà á ti rí òun.