Ọ̀gá Tó Dùbúlẹ̀ Lọ́nà Ọ̀fun

Oorun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Adégòróyè káfíńtà sùn tó fi lá àlá yìí. Ó jẹun yó tán ni, ló bá nà gbalaja, ó kọjú sí àjà.

Ó bá ara rẹ̀ níwájú ọ́fíìsì kan tó léfòó sójú sánmà. Èémí tirẹ̀ gan-an ló tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ agbádá funfun. Kò yà á lẹ́nu. Ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní inú àyà rẹ̀ làwọn ń lọ, ọ̀gá ẹnu ọ̀nà ni kò jẹ́.

Ahọ́n rẹ̀ ni ọ̀gá ọ̀hún. Ó wọ kóòtù, ó sì dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà pa.

Adégòróyè ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún díẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo ní kó o fẹ̀yìn lélẹ̀?" ni ahọ́n bi í. "Bó o bá ti dojú sókè, ẹ̀yìn ni mo ń ṣubú sí. Oorun sì ti mú kí gbogbo ara mi dẹ̀. Lọ kọ lẹ́tà wá."

Ó kọ ọ́. Kí ọ̀gá tó ka ìlà kejì, ó ti di òbúkọ. Ó jẹ lẹ́tà náà, ó tún dùbúlẹ̀. Ni àwọn èémí bá ń jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà Adégòróyè fún pinpin. Ó yé e pé bí wọ́n bá jókòó tán, òun náà ò ní dìde mọ́.

Obìnrin agbálẹ̀ kan bá wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fèjìká ti ògiri, gbogbo ọ́fíìsì sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Òbúkọ yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ síwájú, ọ̀nà là, àwọn èémí rọ́ wọlé.

Adégòróyè jí. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló wà. Ọwọ́ Oyèníkẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Èémí yín tún dákẹ́," ni Oyèníkẹ̀ẹ́ wí. "Ẹ hanrun títí, ẹ ò wá mí mọ́. Ni mo bá yí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Láti ìgbà wo lo ti ń yí mi?"

"Á tó ọdún mẹ́fà. Mo ti sọ ọ́, ẹ ní ẹ kì í hanrun."

Òótọ́ ni. Adégòróyè di ọwọ́ náà mú.

"O ṣeun," ló wí. "Lọ́la, a jọ ń lọ rí dókítà."

Ó dìde lórí ibùsùn, ó gbọn ìrọ̀rí. "Ìwọ náà wá sùn. Èmi ni n ó jókòó tì ọ́."

Oyèníkẹ̀ẹ́ wò ó díẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ. Adégòróyè fa àga mọ́ra, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí.