Èènì Àbúrò Mi

Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá tún àwọn fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ wò, kí n sọ èyí tó ṣì ṣeé gbé síwájú èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n máa yẹ́ ẹ sí. Ta ni wọn ò bá tún pè? Èmi ni mo gé gbogbo wọn tí mo sì lẹ̀ wọ́n pọ̀, nígbà tí gígé fíìmù ṣì jẹ́ iṣẹ́ àlùmọ́gàjí.

Gbogbo ayé ló mọ Ọ̀gá báyìí. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín níwájú tẹlifíṣọ̀n rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Ọ̀gá ló pa á lẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn fíìmù àkọ́kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fojú kàn wọ́n mọ́ láti ìgbà tí àwọn ilé sinimá ti kógbá sílé. Inú agolo pẹlẹbẹ ni wọ́n wà láti ogójì ọdún, tí wọ́n ń rùn bí ọtí kíkan. Àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ ti kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú wọn nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé.

Èyí àkọ́kọ́ ò dùn. Nínú ìkejì, ọkùnrin kan ń lé ṣòkòtò ara rẹ̀ kiri nínú atẹ́gùn, mo sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ògiri. Kí n má purọ́, ìkẹta ni mò ń sá fún.

Àbúrò mi obìnrin ló ṣe akunlé, ẹni tó ń kun ilé lọ́dà, nínú rẹ̀. Ọ̀gá sì ní òfin kan nígbà náà: ohunkóhun tí òṣèré bá fi kún eré tí kò sí nínú ìwé eré, èènì là ń pè é. Bí èènì bá ti dé, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá sí i, èmi náà ò sì gbọdọ̀ gé e. Òfin yẹn ló sọ Ọ̀gá di Ọ̀gá. Mo gbà á gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìwé ní kí àbúrò mi já láti orí àkàbà sórí tìmùtìmù. Ó já sórí tìmùtìmù lóòótọ́, àmọ́ orí rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àkàbà. Ó dìde jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ta ló paná? Ẹ tanná fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀sán gangan ni, iná ńlá mẹ́rin sì ń jó lórí wa. A rò pé èènì ni, ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Ọ̀gá ń juwọ́ sí oníkámẹ́rà pé kó máa bá a lọ. Èmi dì mọ́ ògiri, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú mi. Àbúrò mi yí orí síbi tí ohùn mi wà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín ni?"

Ìyẹn tún wá pa wá lẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta ló kú ní ọsibítù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́, Ọ̀gá wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "A kì í gé èènì." Mo fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí mi. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló dùn jù, mo sì fẹ́ kí fíìmù náà dùn. A sọ fún àwọn èèyàn pé àìsàn ló pa á, torí ta ló máa rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ òótọ́?

Láyé ìgbà yẹn, àwọn òṣèré máa ń padà wá sọ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ohùn tí a bá gbà níbi eré kì í dára. Obìnrin mìíràn ló bá àbúrò mi sọ tirẹ̀. Nígbà tó dé ibi iná yẹn, ó bú sẹ́kún, kò lè ṣe é. Ohùn àbúrò mi gan-an la fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré. Kò sí ibòmíràn láyé tí ohùn rẹ̀ wà.

Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, mo pinnu pé màá gé e kí ọmọ rẹ̀ tó rí i. Mo kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gá nílé.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rántí ibi iná yẹn?"

"Ta ló paná!" Ó gbá orúnkún. "Ọmọ yẹn mọ eré ṣe o! Kí ló tiẹ̀ pa á? Ṣebí àìsàn ni?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Irọ́ tí a jọ pa ti di òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àìsàn ni, sà," ni mo sọ, mo bá ti ibẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì tí mo fẹ́ fi gé e nígbà tí ọmọ àbúrò mi wọlé. Aránṣọ ni, ilé mi ló ti dàgbà, Dádì ló sì ń pè mí. Àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ ti ṣòfófó.

"Dádì, wọ́n ní ohùn màmá mi wà níbẹ̀. Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Kò pọ̀."

"Bó ti wù kó kéré. Ẹ jẹ́ n gbọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ̀ mí. Mo ní kó kúkú gbọ́, kó mọ̀, kó ṣépè fún mi, kí n sinmi. Mo tan fíìmù náà fún un, mo di ojú.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di àga mú. Ó ní kí n tún fi hàn án, mo tún fi hàn án.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, àbí? Ẹ gbádùn ara yín o!"

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ó ti ń nu ojú.

"Gbogbo ìgbà ni mo máa ń rò pé wọ́n jìyà kí wọ́n tó kú. Mi ò mọ̀ pé inú wọn dùn tó báyìí."

Mo pa ẹnu mi dé. Bí mo ṣe dá ìyá lóró, mi ò lè tún dá ọmọ lóró. Tàbí ẹ̀rù ló bà mí, mi ò mọ̀ mọ́. Ó ti gba ohùn náà sórí fóònù rẹ̀, ó ní ìyẹn ni yóò máa dún bí ẹnikẹ́ni bá pe òun, ó ní kí n pe òun wò. Mo pè é.

Fóònù náà dún lórí tábìlì láàárín wa. "Ta ló paná? Ẹ tanná fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín ni?" Kò gbé e. Ó ní kí n má gé ìpè náà, kó ṣì máa dún.