Èéfín Tí Bàbá Rí Ní Funfun

Tíṣà obìnrin kan wa ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Bàbá, kò sì tíì pa á tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde. "Funfun ni. Omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. A máa tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, orí ẹ́ńjìnnì yẹn."

Àkọ́bí Bàbá, obìnrin tó ti ń ṣe mẹkáníìkì lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá, dúró tì í, ó ń wo èéfín kan náà. Búlúù ni. Kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti sọ ọ́.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lórí ọkọ̀ télọ̀ kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú oníbàárà. "Bàbá, búlúù nìyí o. Àbí ẹ ò ríran mọ́ ni?" Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó fi ẹ̀rín sí i. Bàbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, kó kó sípánà rẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì télọ̀, wọn ò bá omi kankan níbẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n dì í padà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn ò wọlé bàbá rẹ̀ mọ́. Ìyá wọn ṣì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ má tètè dá Bàbá lẹ́bi. Ogójì ọdún ló ti ń wo èéfín. Bàbá Èéfín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn mẹkáníìkì mìíràn a sì máa wa ọkọ̀ wá kó ṣáà bá àwọn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ojú rẹ̀ ń tàn án? Àkọ́bí mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ bí àbúrò òun ti sọ ọ́, ọmọ méjì ni ilé náà yóò pàdánù. Bí òun bá sì dákẹ́, wọn yóò tún tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣàìsàn.

Ó kọjú sí tíṣà. "Àǹtí, ṣé omi ràdíétọ̀ yín máa ń dín?"

"Rárá o. Ọ́ìlì ni mò ń dà sí i bí ẹni ń fún ọmọ lọ́mú. Tí mo bá dúró pẹ́ níbi iná ojú pópó, tí mo wá gbéra, èéfín á bo àwọn tó wà lẹ́yìn mi."

Bàbá ti ń ṣa sípánà tí yóò fi tú tọ́ọ̀pù.

Àkọ́bí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ tú róbà tọ́bò, kí a lè ráyè dé ibi tọ́ọ̀pù?" Kò sẹ́ni tó lè tú tọ́ọ̀pù yẹn láì tú róbà, nítorí náà kò sí àfojúdi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá mi orí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Tọ́bò ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Bí àkọ́bí ṣe tú róbà ẹnu rẹ̀ báyìí, ọ́ìlì ṣàn sí i lọ́wọ́. Kò sọ ohun tó rí. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án, sà. Ọwọ́ tèmi ò dá mi lójú."

Bàbá ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó di ọ̀pá irin àárín rẹ̀ mú, ó mì í. Ó tún un mì. Ọ̀pá tó yẹ kó dúró gbọn-in ń mì bí eyín arúgbó. Bàbá yọ ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò ra ọ́ìlì tó wà ní ìka rẹ̀ títí.

"Tọ́bò ló ti jẹ," ó ní. "Ọ́ìlì ló ń jó. A ò tú tọ́ọ̀pù mọ́."

Tíṣà dúpẹ́, ó lọ jókòó sábẹ́ ibòòji. Ìgbà náà ni Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àwọ̀ wo lo rí lẹ́ẹ̀kan?"

"Búlúù ni, Bàbá."

"Funfun lèmi rí. Ó ti tó ọdún kan tí nǹkan ti ń rí bẹ́ẹ̀ lójú mi."

Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ náà dé ọkàn. "Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú lọ́la."

"A máa lọ. Fóònù rẹ dà? Pè é fún mi."

Kò béèrè pé ta ni. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó sì gbé fóònù lé bàbá wọn lọ́wọ́.

"Èmi ni," Bàbá wí. "Ọkọ̀ télọ̀ yẹn, búlúù ni. Ojú mi ni ò rí i. Ọjọ́ tí a tú ẹ́ńjìnnì náà ni mo ti mọ̀. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n pè ọ́."

Àkọ́bí ń gbọ́ mímí àbúrò rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ọmọkùnrin náà ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Kò ní òun ń bọ̀, kò sì ní òun ò bọ̀. Ó pa fóònù.

Bàbá ò gbé fóònù kúrò létí. Àkọ́bí náà ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.